Ogójì Ọdún Tí Mo Fi Tún Géèmù Mọ́tò Ṣe

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa yàn láàyò, mo mọ̀ pé tí mo bá ní géèmù mọ́tò ni mo fi jẹun fún ogójì ọdún, ẹ̀rín ni ẹ máa kọ́kọ́ rín. Ẹ rín in tán, mo dúró. Bàbá tó bí mi náà rín in. Ó ní, "Fúnmiláyọ̀, ṣé eré ni ènìyàn fi ń jẹun láyé yìí?" Kí ó tó kú, ó jẹ nínú eré náà, ó sì ṣàdúrà lé e lórí. Láti Ìsẹ̀ títí dé Emùré, Màmá Géèmù ni wọ́n ń pè mí. Bí ẹ bá dé ọjà Ìsẹ̀ tí ẹ ní ilé Fúnmiláyọ̀ lẹ ń wá, ẹ máa wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú. Màmá Géèmù ni kí ẹ béèrè.

Ti owó kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ó tó mi jẹ, ó tó mi kọ́lé, ó tán. Ohun tí ọwọ́ mi kọ́ àti ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, títí kan ohun ìtìjú kan tí mo ṣe tí mi ò gbọ́dọ̀ fi pamọ́ fún yín.

Ìkẹ́rẹ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Fálúyì tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí òkè Orólé. Ọmọṣẹ́ márùn-ún ni wá, èmi nìkan ni obìnrin. Ọjọ́ tí ìyá mi mú mi lọ, ọ̀gá wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Màmá, telọ̀ wà lójú ọ̀nà kejì o." Ìyá mi ní òun ti kí telọ̀ náà bí òun ṣe ń kọjá, òun ò rí ohun tí ọmọ òun fẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n wọlé.

Ẹ̀rín tí mo rí lẹ́nu ẹ̀ kẹ́yìn nìyẹn fún ọdún méjì gbáko. Háà, ọkùnrin yẹn le! Ó le ju àpáta tó kọjú sí lọ. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, mi ò fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ wáyà. Síkúrù ni mò ń tò. Bí ọ̀gá bá tú rédíò kan, màá to síkúrù rẹ̀ sórí páálí bí wọ́n ṣe wà lára rédíò gan-an, ti òkè lókè, ti ìsàlẹ̀ nísàlẹ̀. Bí ọ̀kan bá já bọ́, gbogbo wa la máa kúnlẹ̀ wá a, bó bá sì jẹ́ àsìkò oúnjẹ, ebi á pa wá títí a ó fi rí i. Mo sunkún lọ́jọ́ kan tí síkúrù kan wọ inú ihò ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀gá ní, "Fúnmi, nu ojú ẹ. Omi ẹkún á jẹ́ kó dípẹtà."

Ó ní òfin kan tó ju gbogbo òfin lọ. A ò gbọ́dọ̀ sọ pé nǹkan ti dáa títí a ó fi lò ó bí ẹni tó ni ín ṣe ń lò ó. Rédíò tí bàbá kan fi ń gbọ́ ìròyìn, a gbọ́dọ̀ jókòó gbọ́ ìròyìn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí a bá kùn pẹ́nrẹ́n, ọ̀gá á figbe ta lédè Ìkẹ́rẹ́ wa pé, "Uṣẹ́ ni mo pè é o!" Ó ní àrùn ẹ̀rọ máa ń fara pamọ́ fún oníṣẹ́ tó ń kánjú, bó bá ti rí i pé oníṣẹ́ ti yíjú, á jáde. Mo bínú sí òfin yẹn nígbà náà. Ẹni tó bá kọ́ yín ní irú rẹ̀ lónìí, ẹ dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ní ọdún kẹta mi ni ọmọ Ìkẹ́rẹ́ kan tó ti pẹ́ lókè òkun padà wálé, ó sì ṣí hòtẹ́ẹ̀lì. Nínú ẹrù tó kó dé, ẹ̀rọ kan wà tó ga ju ènìyàn lọ, tẹlifíṣọ̀n wà láyà rẹ̀, sítíárìn mọ́tò wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ibi ìtẹ̀ wà nílẹ̀ fún ẹsẹ̀. Wọ́n ki wáyà rẹ̀ bọ iná, mọ́tò pupa kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú rẹ̀. Yéè! Ìlú dà jáde. Ọ̀gá mi ni wọ́n ní kó máa bójú tó o.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni àwọn ènìyàn fi tò lórí ìlà. Bí ènìyàn bá jókòó, á di sítíárìn mú, á máa lọ́ ọ sọ́tùn-ún, á máa lọ́ ọ sósì, mọ́tò á máa yà, èrò á máa pariwo. Tíṣà kan wà tó wọ aṣọ tuntun wá wà á. Ọ̀gá mi fúnra rẹ̀, tí kò ní kẹ̀kẹ́ rí, jókòó sídìí ẹ̀, gbogbo wa sì gbà pé ọ̀gá mọ mọ́tò wà. Ó tilẹ̀ ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn. "Ẹ má fipá lọ́ ọ. Ẹ rọra. Ẹ wo bí mo ṣe ń ṣe é."

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ní kí n jókòó sídìí ẹ̀rọ náà láti òwúrọ̀ kí n máa ṣọ́ bóyá ó ń gbóná. Mo jókòó, mo dì í mú. Ó rẹ̀ mí, mo gbọ́wọ́ kúrò kí n fi họra. Mọ́tò ò dúró. Ó yà sósì, ó kọjá mọ́tò méjì, ó yà sọ́tùn-ún, ó lọ kọlu pátákó kan. Níbi tí gbogbo wa ti máa ń kọlu nǹkan gan-an nìyẹn! Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀yìn ẹ̀yìn ni mo rí ihò tóóró kan nísàlẹ̀ tí wọ́n ń ju owó ẹyọ sí. Owó ẹyọ ìlú òyìnbó ló ń jẹ, ẹnikẹ́ni ò sì tíì fún un lóúnjẹ. Ẹ̀rọ náà ń fi ara rẹ̀ han ènìyàn ni, bí ọlọ́jà ṣe ń pàtẹ. Gbogbo Ìkẹ́rẹ́ ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wa mọ́tò tí kò mọ̀ pé a wà láyé!

Ta ló máa sọ fún ọ̀gá? Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tó jókòó sí, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbọ́wọ́ kúrò." Ó wò mí bí ẹni máa gbá mi létí. Ó gbọ́wọ́ kúrò. Mọ́tò ń lọ. Ó wo mọ́tò, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo mọ́tò. Ẹ̀rín tí ọ̀gá mi rín lọ́jọ́ yẹn, omi ń já bọ́ lójú rẹ̀, ó ń fọwọ́ lu orúnkún. "Fúnmi! Mo mà ti ń fi ẹnu fọ́nnu káàkiri ìlú!" A tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, a so wáyà kan kó má béèrè owó mọ́. Nígbà tí a wá ń wà á lóòótọ́, kí ọ̀gá tó mí lẹ́ẹ̀mejì, ó ti kó sínú ògiri. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń fi áyọ́ọ̀nù lé mi lọ́wọ́.

Èmi náà wà á. Mo ń sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí lára mi: ara mi bù máṣọ. Ìlà méjì lásán ni ọ̀nà yẹn, wọ́n mú un fẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n mú un tín-ínrín lókè, wọ́n ń mú un yí díẹ̀díẹ̀. Kò sí ọ̀nà níbẹ̀ rárá. Síbẹ̀ mo ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí àga bí mo ṣe ń dé kọ́nà. Mo ní, irú orí wo ló wà lọ́rùn ẹni tó ronú kan èyí? Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ní rédíò ló bàjẹ́, màá tún un ṣe. Bí wọ́n bá ní géèmù mọ́tò ni, màá sáré.

Mo gba ìyọ̀ǹda lẹ́yìn ọdún méje. Mo fẹ́ ará Ìsẹ̀, mo sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi síbẹ̀. Àwọn tó ń ti Èkó, Ìbàdàn àti òkè òkun bọ̀ ló ń kó ẹ̀rọ wọlé, tí iná bá ti ṣe é léṣe tán, wọ́n á gbé e wá fún mi. Èmi náà ra tèmi, mo ń tún ti aráyé ṣe lápá kan, àwọn ènìyàn ń ṣeré lápá kejì.

Ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ wọ́pọ̀, òkè ni ènìyàn ti ń wo mọ́tò, bí ìgbà tí igún ń wo ọ̀nà. Mọ́tò ọ̀hún ò ju páálí ìṣáná lọ. Lẹ́yìn náà ni èyí tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì dé, tí mọ́tò ní àwọ̀, tí òkè ń dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Gbogbo ènìyàn ló ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sídìí kásẹ́ẹ̀tì kó lè ṣiṣẹ́. Mo bá wọn jà títí, mo ní itọ́ yín ló ń ba irin rẹ̀ jẹ́. Wọ́n á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà," bí mo bá ti kọ̀yìn sí wọn, fúú!

Àsìkò kásẹ́ẹ̀tì yìí ni Bọ̀ọ̀dá Òjó wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Dẹ́rẹ́bà lọ́rì ni tẹ́lẹ̀, kòkó ló ń kó láti Ìsẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Bíréèkì já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ níbi kọ́nà kan, lọ́rì wọgbó, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ níbi orúnkún. Ẹnikẹ́ni ò kú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e dùn ún ju ẹsẹ̀ lọ. Olówó lọ́rì ń sọ káàkiri pé bíréèkì ò já, pé Òjó ló sùn lọ nídìí sítíárìn. Ìlú sì gbà á gbọ́. Bí ọkọ̀ bá ya bàrá lọ́nà, wọ́n á ní, "Àbí Òjó ló wà á ni?"

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Bọ́sẹ̀, ló mú un wá. Ó ní, "Fúnmi, bá mi gbà á jókòó. Ọdún méjì rèé tí kò jáde nínú ulé." Ọkùnrin náà gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, ó jókòó, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Mo gbé pádì tí a fi ń darí mọ́tò lé e lọ́wọ́. Ọwọ́ nìkan ni wọ́n fi ń wa ti kásẹ́ẹ̀tì, kò béèrè ẹsẹ̀. Ó wà á yíká lẹ́ẹ̀kan, ó kọlu nǹkan méje. Ó ní kí n tún un tàn.

Ọ̀nà kan wà nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn tó gba etí òkun, kọ́nà rẹ̀ pọ̀ bí ìfun ewúrẹ́. Ọ̀nà yẹn ni Bọ̀ọ̀dá Òjó gbà mọ́ra. Ojoojúmọ́ ló ń wà á, fún bí oṣù mẹ́jọ, títí tó fi wà á yíká ní ìṣẹ́jú kan àti sẹ́kọ́ńdù mọ́kànlá, láìfi ara kan ohunkóhun. Ẹni tó bá yá jù lọ, ẹ̀rọ á ní kó kọ orúkọ rẹ̀ sókè pátápátá, lẹ́tà mẹ́ta péré ló sì gbà. Ó kọ OJO. Ó wò ó títí. Ó ní, "Fúnmi, ẹni tó ń sùn nídìí sítíárìn, ṣé ó lè ṣe èyí?" Mo ní kò lè ṣe é. Ọkùnrin náà sunkún, ẹ̀yin ọmọ, ọkùnrin tó fẹsẹ̀ kan dúró tí kò sunkún.

Ọ̀rọ̀ náà tàn. Àwọn èèyàn ń ti Ìkẹ́rẹ́, Emùré, títí dé Òmùò wá láti gba ipò yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó dára jù nínú wọn ṣe é ní ìṣẹ́jú kan àti sẹ́kọ́ńdù mẹ́tàlá. Nígbà tó yá, bí dẹ́rẹ́bà kan bá wakọ̀ dáadáa ní Ìsẹ̀, wọ́n á kí i pé, "Àbí Òjó ló wà á ni?" Ẹ ò rí i pé ẹnu tí wọ́n fi bú u náà ni wọ́n padà fi yìn ín. Orúkọ tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n yẹn ló ń jẹ́rìí fún un.

Ayé ò dúró. Kásẹ́ẹ̀tì lọ, síídì dé. Mọ́tò ní ẹ̀gbẹ́, ó ní ẹ̀yìn, ènìyàn lè yí i ká bí ẹni fẹ́ rà á. Orúkọ àti mọ́tò tí oníkálukú bá gbà á wà nínú mẹ́mọ̀rì káàdì pẹlẹbẹ kan, tí ènìyàn lè fi sápò lọ sílé. Lẹ́yìn náà ni sítíárìn dé tó ń bá ọwọ́ ènìyàn jìjàkadì ní kọ́nà. Òjò ń kán sójú gíláàsì, táyà ń jẹ. Bí mo bá ti ní wọ́n ti ṣe é parí, wọ́n á tún gbé òmíràn jáde, màá sì tún la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọ ọjọ́ àkọ́kọ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì yẹn. Nígbà tí síídì dé, mo ti lé ní ogójì ọdún, mo sì lọ kúnlẹ̀ níwájú ẹni tí mo lè bí ní Adó kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tún ojú tó ń ka síídì ṣe. Kò sí ìtìjú nínú ìyẹn. Ìtìjú tí mo jẹ gan-an, ibi tí mi ò ti béèrè ni mo ti jẹ ẹ́.

Gbogbo àkókò tí ẹ̀rọ ń yí padà yìí, mi ò gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kúrò ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù mi. Ti Bọ̀ọ̀dá Òjó ni. Bó bá dé, á kọ́kọ́ wo orúkọ rẹ̀ lókè, á mi kanlẹ̀, á wá ṣeré.

Lọ́dún kan, ó lọ kí ọmọ rẹ̀ Bọ́sẹ̀ ní Èkó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní kí n fi àìsí ńlé rẹ̀ tọ́jú ẹ̀rọ náà. Mo tú kásẹ́ẹ̀tì, mo rí bátìrì pẹlẹbẹ kan nínú rẹ̀ tí wọ́n jó mọ́ pátákó, mo fi tẹ́sítà wò ó, ó ti ń kú lọ. Inú mi dùn, mo ní ire ni mo fẹ́ ṣe fún ọkùnrin yìí. Mo yọ ti àtijọ́, mo jó tuntun síbẹ̀, iṣẹ́ mi mọ́ tónítóní. Mo dè é padà. Mo tàn án.

Kò sí orúkọ kankan. OJO ti lọ.

Mẹ́mọ̀rì káàdì ló ti bà mí lórí jẹ́. Káàdì kò nílò iná láti rántí nǹkan, èmi wá rò pé kásẹ́ẹ̀tì náà rí bẹ́ẹ̀. Rárá o. Bátìrì yẹn ló fi ń rántí, bí a bá yọ ọ́ pẹ́rẹ́, ó ti gbàgbé. Ọ̀gá Fálúyì wà láyé ní Ìkẹ́rẹ́ nígbà náà. Kí n tó fọwọ́ kàn án, ǹ bá béèrè. Ṣùgbọ́n èmi ni Màmá Géèmù, àbí? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Dípò kí n jẹ́wọ́, mo ní màá wà á fúnra mi, màá kọ OJO síbẹ̀, kò ní mọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n fi ń gbálẹ̀ ìlú, tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ jáde, mo ti ara mi mọ́ ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀. Mo wà á, mo wà á, àtàǹpàkò mi wú. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe. Mo ti ń wò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò mọ̀ ọ́n. Ó ń fi bíréèkì sílẹ̀ níbi tí èmi ń tẹ̀ ẹ́, ó ń gba ibi tí mi ò rí i pé ọ̀nà wà. Gbogbo agbára mi, ìṣẹ́jú kan àti sẹ́kọ́ńdù mẹ́rìnlá. Mo kọ OJO sí i.

Bọ̀ọ̀dá Òjó ti Èkó dé, ó ra búrẹ́dì fún mi. Ó jókòó, ó gbójú sókè. Ó rí mẹ́rìnlá níbi tí mọ́kànlá ti máa ń wà. Ó ní, "Ẹni tó wa mọ́tò yìí kọlu nǹkan ní kọ́nà kẹta."

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, bóyá ẹ̀rọ ló ṣi nọ́ńbà kọ."

Kò wo ẹ̀rọ mọ́, èmi ló ń wò. Ó ní, "Fúnmi. Wọ́n ti gbé ìwàkuwà tí mi ò wà sí mi lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ náà?"

Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ. Ọ̀rọ̀ náà gún mi dé egungun, nítorí òótọ́ ni: ohun tí olówó lọ́rì fi ẹnu ṣe fún un ni èmi fi ọwọ́ ṣe. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò wá. Ìyá Bọ́sẹ̀ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ní ọkọ òun ti padà sínú yàrá, kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni.

Ni mo bá wọkọ̀ lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀gá ti darúgbó, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò darúgbó. Mo kúnlẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "O paná ìrántí ọmọ ọlọ́mọ, àṣìṣe nìyẹn, mo lè bá ọ bẹ̀bẹ̀ fún un. O wá purọ́ lé e. Ta ló kọ́ ọ nìyẹn? Ṣé èmi ni?" Ó bú mi, mo sunkún. Ó bú mi títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé ká kọ́kọ́ so bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì mọ́ pátákó rẹ̀ kí wọ́n máa bọ́ ọ, kí a tó yọ ti àtijọ́, kò ní gbàgbé ohunkóhun. Ohun tí ì bá gba ìṣẹ́jú márùn-ún láti béèrè! Ó ní, "Lọ pa irọ́ yẹn rẹ́. Lọ́la, mò ń bọ̀ ní Ìsẹ̀."

Ó wá lóòótọ́, pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún. A lọ sílé Bọ̀ọ̀dá Òjó. Mo kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá mi, arúgbó, ṣí fìlà. Ó ní, "Òjó, èmi ni mo kọ́ Fúnmi níṣẹ́. Ohun tó ṣe kò dáa, mi ò ní pè é ní orúkọ mìíràn. Orúkọ tèmi náà ló bàjẹ́. Mo wá bẹ̀ ọ́." Ìyá Bọ́sẹ̀ ti ń sọ pé, "Bàbá Bọ́sẹ̀, wo àgbà tó ṣí fìlà fún ẹ." Èmi ni Bọ̀ọ̀dá Òjó yíjú sí.

"Ṣé o ti pa á rẹ́?"

"Mo ti pa á rẹ́, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Kò sí orúkọ kankan níbẹ̀?"

"Kò sí. Ó mọ́ fónífóní."

Ó ní ká dìde. Kò ní òun dárí jì mí, kò sì ní òun ò dárí jì mí.

Ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ kò, kò, kò ọ̀pá rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó jókòó, ó wà á. Ìṣẹ́jú kan àti sẹ́kọ́ńdù méjìdínlógún! Ọwọ́ ti dàgbà, ojú ti dàgbà. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀, mo fẹ́ lé wọn jáde, ó ní kí n fi wọ́n sílẹ̀. Ó wá lọ́jọ́ kejì, ó wá lọ́jọ́ kẹta. Oṣù kan, ó dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Oṣù mẹ́ta, ó dé mẹ́tàlá, ó há síbẹ̀. Àyà mi ń já lójoojúmọ́. Bí kò bá tún lè dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ta ló máa gbà pé ó débẹ̀ rí? Èmi tí mo jẹ́ ẹlẹ́rìí rẹ̀ ti purọ́, ẹlẹ́rìí wo ló tún kù? Mo ń gbààwẹ̀ fún un, kò mọ̀.

Ọjọ́ ọjà ni ọjọ́ tí ó ṣe é. Ṣọ́ọ̀bù kún, mo ń jó lẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́, mo gbọ́ pé ariwo ti dákẹ́. Mo yíjú. Mọ́tò pupa yẹn ń lọ ní etí òkun bí ẹni ń ya irun, kò fara kan ohunkóhun. Kọ́nà kẹta, kò tẹ bíréèkì. Kọ́nà tó kẹ́yìn, àwọn ènìyàn ti di ara wọn mú. Ó wọlé. Ìṣẹ́jú kan àti sẹ́kọ́ńdù mẹ́wàá. Mẹ́wàá! Kò tíì ṣe é rí, nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́ pàápàá. Ìsẹ̀ pariwo, mo pariwo, mo jó, áyọ́ọ̀nù jó mi lọ́wọ́, mi ò mọ̀. Ó kọ OJO sókè pátápátá, níwájú gbogbo ènìyàn.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ bátìrì báyìí. Títí ayé, orúkọ yín ò ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Mo fi ìyẹn búra fún yín."

Ó ní, "Yọ ọ́."

"Kí ni kí n yọ?"

"Bátìrì yẹn. Yọ ọ́."

Mo ní tí mo bá yọ ọ́, bí mo bá ti pa ẹ̀rọ nírọ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ á lọ, kò ní sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ lọ́la. Mo tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti Èkó dé. Ó ní, "Fúnmi, bó bá ti wà níbẹ̀ ná, kí ni màá tún wá ṣe lọ́la?"

Mo yọ ọ́ lójú rẹ̀. Ọdún mẹ́fà la fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí ojú mi tó ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní gbogbo ọdún mẹ́fà náà, kò sí òwúrọ̀ kan tí orúkọ Òjó wà lókè yẹn, kò sì sí ìrọ̀lẹ́ kan tí kò sí níbẹ̀.